Ẹ̀yìn dídùn, họ́mónù àti òfin: Ìtàn àwọn tó ń yí jẹ́ńdà wọn padà, láti Bonanjo dé Berlin

Lóṣù Kejì ọdún 2021, àwọn agbófinró mú èèyàn méjì ní ilé oúnjẹ kan nílùú Douala, lórílẹ̀èdè Cameroon. Ọ̀kan ni Shakiro, tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń tẹ̀lé lórí ayélujára. Èkejì ni ọ̀rẹ́ rẹ̀, Patricia. Obìnrin ni àwọn méjèèjì ń pe ara wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkùnrin ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún wọn nígbà tí wọ́n bí wọn.

Lọ́jọ́ 11, oṣù Karùn-ún, iléẹjọ́ rán wọn lẹ́wọ̀n ọdún márùn-ún, ó sì tún bu owó ìtanràn 200,000 fáráǹkì CFA lé wọn. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn wọ́n ni pé wọ́n gbìyànjú ìbálòpọ̀ akọ sí akọ, pé wọ́n hùwà tí kò bójú mu ní gbangba, àti pé wọn kò mú káàdì ìdánimọ̀ dání.

Ìròyìn náà tàn káàkiri ayé. Òfin àti ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ni ọ̀pọ̀ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ohun kan wà tí kì í sábà dé inú irú ìròyìn bẹ́ẹ̀, òun ni ara fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń lo òògùn họ́mónù, tàbí ẹni tó ń fi aṣọ fún àyà rẹ̀ mọ́ra láti àárọ̀ di alẹ́, ní eegun, iṣan àti ọ̀pá ẹ̀yìn bíi ti gbogbo èèyàn. Ẹ̀yìn a sì máa dùn ún.

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ ń dun èèyàn mílíọ̀nù 619 lágbàáyé lọ́dún 2020, àti pé iye náà lè di mílíọ̀nù 843 tó bá fi máa di ọdún 2050. Kò sí àìsàn mìíràn tó ń dá èèyàn dúró lẹ́nu iṣẹ́ tó o. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ń ṣe lè wọ ilé ìwòsàn lọ, kó bọ́ ẹ̀wù, kó sì sọ ibi tó ń dùn án. Ẹni tó ń yí jẹ́ńdà rẹ̀ padà ní ìlú tí òfin ti ń ṣọ́ ọ ní láti kọ́kọ́ rò ó wò bóyá bíbọ́ ẹ̀wù yẹn kò ní kó bá òun.

Láti mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe dé ibi tó dé yìí, Bonanjo ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ ìlera lé èèyàn kúrò nílé

Bonanjo ni àdúgbò ìjọba ní Douala. Báńkì ló wà níbẹ̀, ọ́fíìsì ìjọba ló wà níbẹ̀, ibẹ̀ náà ni ààfin ìdájọ́ tí àwọn òyìnbó amúnisìn kọ́ wà. Ilé gàgàrà kan tí wọ́n ń pè ní La Pagode, tí Ọba Manga Ndumbe Bell kọ́ lọ́dún 1905, ṣì wà nílẹ̀ níbẹ̀ títí di òní.

Lọ́jọ́ 12, oṣù Keje ọdún 1884, àwọn ọba Duala buwọ́ lu ìwé àdéhùn pẹ̀lú àwọn oníṣòwò Jámánì. Ohun tí àwọn ọba náà gbà ni pé ilẹ̀ àwọn yóò ṣì jẹ́ ti àwọn. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1910, ìjọba Jámánì gbé ètò kan jáde pé kí gbogbo ọmọ Duala kúrò létí odò, kí wọ́n lọ máa gbé lókè lọ́hùn-ún, kí àlàfo kìlómítà kan sì wà láàárín wọn àti àwọn òyìnbó.

Kí ni wọ́n fi ṣe àwáwí? Ibà ni. Dókítà ìjọba tó ń jẹ́ Hans Ziemann wà lára àwọn tó sọ pé ẹ̀fọn máa ń gbé ibà láti ara adúláwọ̀ wá sí ara òyìnbó, nítorí náà, kí wọ́n ya oorun wọn sọ́tọ̀. Ilẹ̀ ètí odò náà sì kúkú jẹ́ ilẹ̀ olówó iyebíye. Ẹni tó bá fẹ́ gba ilẹ̀ onílẹ̀ kì í ṣaláì rí dókítà tí yóò bá a kọ̀wé.

Ọba Rudolf Duala Manga Bell, tó kàwé ní Jámánì, tó sì gbọ́ èdè wọn yékéyéké, kọ ìwé ẹ̀hónú sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Berlin. Lọ́jọ́ 8, oṣù Kẹjọ ọdún 1914, wọ́n so ọba náà àti akọ̀wé rẹ̀, Ngoso Din, kọ́. Àwọn ará Bonanjo tí wọ́n lé kúrò di ará àdúgbò tuntun kan tí wọ́n sọ ní New Bell.

Àdúgbò New Bell yìí ni ọgbà ẹ̀wọ̀n ńlá Douala wà lónìí. Ibẹ̀ ni wọ́n kó Shakiro àti Patricia lọ. Ó kún ju iye tí wọ́n kọ́ ọ fún lọ ní ìlọ́po ìlọ́po, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ẹlẹ́wọ̀n ti ń sùn sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀.

Berlin, lọ́dún 1910 yẹn kan náà

Lọ́dún tí wọ́n ń ya àwòrán bí wọn yóò ṣe lé àwọn ará Duala, dókítà kan ní Berlin, Magnus Hirschfeld, tẹ ìwé kan jáde nípa àwọn ọkùnrin tó ń wọ aṣọ obìnrin àti obìnrin tó ń wọ aṣọ ọkùnrin. Ó ní irú èèyàn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀daràn, wọn kì í sì í ṣe wèrè. Òfin Jámánì nígbà náà, ìpínrọ̀ 175, ń fi ẹ̀wọ̀n jẹ ọkùnrin tó bá ń bá ọkùnrin lò pọ̀. Láti ọdún 1897 ni Hirschfeld ti ń jà kí wọ́n fagi lé e.

Lọ́dún 1919, ó dá ilé ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ tó ń ṣe ìwádìí ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀. Ibẹ̀ ni Dora Richter, ọmọ àgbẹ̀ kan tí wọ́n bí lọ́dún 1892, ti ń ṣe iṣẹ́ ilé. Lọ́dún 1922, wọ́n yọ kórópọ̀n rẹ̀. Lọ́dún 1931, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ tó sọ ẹ̀yà ara rẹ̀ di ti obìnrin. Ọdún yẹn kan náà ni Lili Elbe, ọmọ Denmark, kú ní Dresden lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ọdún 1922 yẹn. Nígbà tí wọ́n yọ kórópọ̀n Dora, kò tíì sí òògùn họ́mónù tí wọ́n lè fi rọ́pò ohun tí ara rẹ̀ kò ní pèsè mọ́. Ìparí àwọn ọdún 1920 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó rí họ́mónù obìnrin yà sọ́tọ̀, ọdún 1935 ni wọ́n sì tó rí testosterone ṣe. Ohun tí àìsí họ́mónù ń ṣe fún ọ̀pá ẹ̀yìn, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ẹni tó la ojú àwọn dókítà sí i ni Fuller Albright, ọmọ Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí ọdún 1940. Ó ṣàkíyèsí pé àwọn obìnrin tí nǹkan oṣù wọn ti dáwọ́ dúró, àti àwọn tí wọ́n yọ ilé ẹyin wọn, ló máa ń wá sọ́dọ̀ òun pẹ̀lú eegun ọ̀pá ẹ̀yìn tó ti rún. Ẹ̀yìn á máa dùn wọ́n, wọ́n á sì máa kúrú sí i. Albright sọ pé họ́mónù estrogen tó lọ sílẹ̀ ló fà á. Lónìí, a ti mọ̀ pé estrogen ló ń dáàbò bo eegun, tọkùnrin tobìnrin. Ara ọkùnrin máa ń sọ díẹ̀ lára testosterone rẹ̀ di estrogen, òun ni eegun rẹ̀ fi ń dúró.

Èyí ṣe pàtàkì fún ẹnikẹ́ni tó bá ń yí jẹ́ńdà rẹ̀ padà. Ẹni tí wọ́n bá ti yọ kórópọ̀n tàbí ilé ẹyin rẹ̀ kò lè ṣe kó má lo họ́mónù fún ìgbà pípẹ́, kí eegun rẹ̀ má sì fẹ́lẹ́. Bí owó bá tán, tí òògùn bá wọ́n lọ́jà, tàbí tí wọ́n bá ti ẹni náà mọ́lé, ọ̀pá ẹ̀yìn ń san gbèsè rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ní ti ilé ẹ̀kọ́ Hirschfeld, àwọn ọmọ ẹ̀yìn Hitler ya wọ ibẹ̀ lọ́jọ́ 6, oṣù Karùn-ún ọdún 1933. Lọ́jọ́ kẹrin sí i, wọ́n dáná sun ìwé ibẹ̀ ní gbangba. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn òpìtàn fi rò pé Dora kú nínú rògbòdìyàn náà. Ìwádìí tó jáde láìpẹ́ yìí ló fi hàn pé ó sá lọ sí Czechoslovakia, pé wọ́n fọwọ́ sí orúkọ obìnrin fún un níbẹ̀ lọ́dún 1934, àti pé ó wà láyé títí di ọdún 1966.

Ọkùnrin tó gbé awọ ara rẹ̀ kiri

Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, iṣẹ́ náà kọjá sí Ìlú Ọba. Michael Dillon, tí wọ́n bí gẹ́gẹ́ bí ọmọbìnrin, bẹ̀rẹ̀ sí í lo testosterone, ó sì lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà. Láàárín ọdún 1946 sí 1949, Harold Gillies ṣe iṣẹ́ abẹ fún un lọ́pọ̀ ìgbà, ó lé ní mẹ́wàá, láti mọ okó fún un.

Ojú àwọn sójà tí ìbọn bà jẹ́ nígbà ogun àgbáyé kìíní ni Gillies ti kọ́ ọgbọ́n yẹn. Á gé awọ lára aláìsàn lápá kan, á ká a bíi páìpù, á jẹ́ kí ìpẹ̀kun rẹ̀ ṣì so mọ́ ara kí ẹ̀jẹ̀ lè máa dé ibẹ̀, á wá máa sún un díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé ibi tó fẹ́. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni aláìsàn fi ń wà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti dùbúlẹ̀ lójú kan lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ rí mọ ohun tí ẹ̀yìn máa ń fojú rí nírú àkókò bẹ́ẹ̀, kí ó tó wá di pé èèyàn ṣe é lé nígbà mẹ́wàá.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1952, ìròyìn Christine Jorgensen, sójà Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀ tó lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ní Copenhagen, gba iwájú ìwé ìròyìn. Lọ́dún 1966, Dókítà Harry Benjamin tẹ ìwé kan jáde tó kọ́ àwọn dókítà bí wọ́n ṣe lè fi họ́mónù tọ́jú irú èèyàn bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà ni ìtọ́jú yìí ti di ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣègùn kan. WHO sì yọ ọ́ kúrò lára àwọn àrùn ọpọlọ nínú ìwé àkójọ àìsàn tí àwọn orílẹ̀èdè fọwọ́ sí lọ́dún 2019, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2022.

Ọ̀já tí èèyàn kò lè tú

Ìyá tó bá pọn ọmọ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ mọ bí ẹ̀yìn ṣe máa ń sọ̀rọ̀ tó bá tú ọ̀já. Ṣùgbọ́n òun rí ọ̀já tú, ojú gbogbo ilé ló sì ti ń tú u.

Àwọn tí wọ́n bí gẹ́gẹ́ bí obìnrin àmọ́ tí wọ́n ń gbé bí ọkùnrin máa ń fi aṣọ líle fún àyà kí ọmú má baà hàn. Ẹni tí kò bá rówó ra èyí tí wọ́n rán fún un á lo báńdéèjì tàbí ohunkóhun tó bá rí. Lọ́dún 2017, àwọn olùwádìí tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe láàárín nǹkan bí 1,800 èèyàn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú 100, ó lé ní 97 tó sọ pé ó ti dá ìṣòro kan tàbí òmíràn sílẹ̀ fún àwọn. Ẹ̀yìn dídùn ló gba iwájú, ó lé ní ìdajì wọn tó sọ bẹ́ẹ̀. Ara gbígbóná àti àyà dídùn ló tẹ̀ lé e.

Kí ló fà á? Egungun ìhà kò rí àyè fẹ̀, èèyàn á máa mí kúkurú kúkurú. Èjìká á tẹ̀ síwájú, iṣan àárín ẹ̀yìn á máa fà, oríkèé ọ̀pá ẹ̀yìn á sì le gbagidi. Ohun tó yani lẹ́nu nínú ìwádìí náà ni pé aṣọ tí wọ́n dìídì ṣe fún iṣẹ́ yìí kò fi bẹ́ẹ̀ yọ èèyàn nínú ewu bí ọ̀pọ̀ ṣe rò. Iye ọjọ́ tí èèyàn ń wọ̀ ọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù. Ẹni tó bá ń bọ́ ọ sílẹ̀ ní ọjọ́ mélòó kan, ara rẹ̀ máa ń balẹ̀ ju ti ẹni tó ń wọ̀ ọ́ lójoojúmọ́ lọ.

Ìmọ̀ràn yẹn dára, àmọ́ ẹni tó ní yàrá tirẹ̀ ló lè tẹ̀ lé e. Ẹni tó ń bá ẹbí sùn ní yàrá kan, tó sì mọ̀ pé bí àyà òun bá hàn ní àdúgbò, ọ̀rọ̀ lè di ti ọlọ́pàá, ọjọ́ wo ni yóò fi bọ́ ọ sílẹ̀?

Òfin 1972

Lọ́jọ́ 28, oṣù Kẹsàn-án ọdún 1972, Ààrẹ Ahmadou Ahidjo fi àṣẹ tirẹ̀ fi ìpínrọ̀ 347 bis kún ìwé òfin ìwà ọ̀daràn Cameroon. Ilé aṣòfin kò jíròrò lé e lórí. Nínú ìwé òfin tuntun ti ọdún 2016, 347-1 ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún ni, pẹ̀lú owó ìtanràn 20,000 sí 200,000 fáráǹkì. Ìdájọ́ tó le jù lọ nínú òfin yìí ni Shakiro àti Patricia gbà.

Bí ẹ bá ka òfin náà, kò sọ nǹkan kan nípa aṣọ tàbí họ́mónù. Ìbálòpọ̀ ló sọ. Síbẹ̀, ìrísí ni wọ́n sábà máa ń fi mú èèyàn. Lọ́dún 2011, iléẹjọ́ kan ní Yaoundé rán ọ̀dọ́ méjì tí wọ́n ń pè ní Jonas àti Franky lẹ́wọ̀n ọdún márùn-ún. Adájọ́ wo aṣọ obìnrin tí wọ́n wọ̀, ó tún ní Baileys tí wọ́n ń mu jẹ́ ọtí obìnrin. Ní oṣù Kìíní ọdún 2013, iléẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá wọn sílẹ̀. Agbẹjọ́rò Alice Nkom, tó jẹ́ obìnrin àkọ́kọ́ tó di agbẹjọ́rò ní Cameroon lọ́dún 1969, wà lára àwọn tó gbèjà wọn.

Ọdún 2011 yẹn náà ni wọ́n rán Roger Mbede lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta nítorí àtẹ̀jíṣẹ́ ìfẹ́ tó fi ránṣẹ́ sí ọkùnrin kan. Ìpá mú un lẹ́wọ̀n. Ní oṣù Kìíní ọdún 2014, ó kú. Mbede kì í ṣe transgender, ṣùgbọ́n òfin kan náà ni, ìtọ́jú tí ọgbà ẹ̀wọ̀n lè ṣe fún ara tó ń ṣàárẹ̀ náà kò sì yàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ kò yàtọ̀ púpọ̀ lọ́dọ̀ wa. Nàìjíríà ní òfin tó lòdì sí ìgbéyàwó akọ sí akọ láti oṣù Kìíní ọdún 2014, Togo náà ní tirẹ̀. Benin kò ní òfin bẹ́ẹ̀.

Ibi tí òfin bá ti ń ba èèyàn lẹ́rù, ọjà ni ọ̀pọ̀ ń gbà lọ. Òògùn ìfètòsọ́mọbíbí ni àwọn kan ń gbé mì bí họ́mónù láìsí ẹni tó yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, ewu rẹ̀ sì ni kí ẹ̀jẹ̀ dì sínú iṣan. Fún ẹ̀yìn dídùn, tramadol wà nílẹ̀ lọ́wọ́ pọ́ọ́kú. Òògùn yìí pọ̀ ní Cameroon débi pé lọ́dún 2013, àwọn onímọ̀ kan kéde pé àwọn rí tramadol nínú gbòǹgbò igi tí Yorùbá ń pè ní ẹgbẹ̀sì, ní àríwá orílẹ̀èdè náà. Ayé hó yèè, wọ́n ní igi ti ń ṣe òògùn òyìnbó fúnra rẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn onímọ̀ mìíràn ní kì í ṣe iṣẹ́ igi: àwọn èèyàn ibẹ̀ ń lo tramadol, wọ́n ń fún màlúù wọn náà, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ ló sì gbé e wọnú ilẹ̀.

Ohun tí dókítà lè ṣe

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn transgender ní Òkè Òkun máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀: o gbé apá tó kán lọ sọ́dọ̀ dókítà, dókítà ní kí o kọ́kọ́ ṣàlàyé họ́mónù rẹ. Ti ẹ̀yìn ń le díẹ̀ sí i, nítorí pé nígbà mìíràn, họ́mónù kàn án lóòótọ́, nígbà mìíràn, kò kàn án rárá. Ẹni tó gbé àpò sìmẹ́ǹtì ní àná, tí ẹ̀yìn sì ń dùn ún lónìí, sìmẹ́ǹtì ni kí dókítà bi í.

Àwọn ibi tí họ́mónù ti kàn án kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n wúwo. Àwọn olùwádìí ní Netherlands àti Belgium rí i pé eegun ọ̀pọ̀ àwọn obìnrin transgender ti fẹ́lẹ́ kí wọ́n tó lo òògùn kankan. Lára ohun tó fà á ni pé wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ jáde, wọn kì í ṣe eré ìdárayá, oòrùn kì í tó wọn lára. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ estrogen, eegun ọ̀pá ẹ̀yìn wọn túbọ̀ ki. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn kíki eegun pàápàá máa ń béèrè bóyá akọ tàbí abo ni ẹni tó dùbúlẹ̀, nítorí pé ó ní ẹni tó fẹ́ fi í wé.

Bí ẹ̀yìn bá le débi iṣẹ́ abẹ, ó yẹ kí dókítà mọ̀ pé aláìsàn ń lo estrogen, pàápàá èyí tí wọ́n ń gbé mì, nítorí ẹ̀jẹ̀ lè dì lẹ́sẹ̀ ẹni tó dùbúlẹ̀ pẹ́. Èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara kò léwu tó bẹ́ẹ̀. Kí aláìsàn fúnra rẹ̀ ṣáà má dá a dúró láì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Fún ẹ̀yìn dídùn tó ti di bárakú, ìlànà tí WHO gbé jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2023 rọ̀ mọ́ eré ìmárale, àlàyé tó yé aláìsàn, ìtọ́jú ọwọ́ àti ìrànlọ́wọ́ fún ọkàn. Ó ní kí wọ́n má lo àwọn òògùn bíi tramadol, kí wọ́n má sì máa fi bẹ́líìtì di ìbàdí. Púpọ̀ nínú eyí kò gba owó ńlá, orí ẹní ni èèyàn ti lè ṣe é. Ohun tó gbà ni kí aláìsàn lè jókòó síwájú ẹni tó mọ iṣẹ́ náà, kí ó sì sọ òtítọ́ ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀wù.

Ní oṣù Keje ọdún 2021, iléẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní kí wọ́n tú Shakiro àti Patricia sílẹ̀ kí ẹjọ́ wọn tó tẹ̀ síwájú. Ní oṣù Kẹjọ, àwọn jàǹdùkú lù wọ́n nílùkulù ní Douala. Wọ́n kúrò ní Cameroon lẹ́yìn náà. Ìpínrọ̀ 347-1 ṣì wà nínú ìwé òfin. Alice Nkom, tó pé ẹni ọgọ́rin ọdún ní oṣù Kìíní ọdún 2025, ṣì ń pè fún kí wọ́n yọ ọ́ kúrò.